Kí A Tó Pààrọ̀ Ọrùn Gìtá: Ìtàn Kan Láti Fullerton Títí Dé Ọ̀dọ̀ Wa Ní Jos

Ẹ̀ báà jẹ́ ẹni tó máa ń jókòó níwájú tàbí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀yìn lẹ́bàá fèrèsé, ẹ ti rí gìtá pupa kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlù wa. Bàbá wa kan tó ti lọ sinmi ló fi ta ìjọ lọ́rẹ. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rà á fún, nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ dàgbà tó sì kúrò nílé, bàbá ní kí ni gìtá ń ṣe nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó ń ta á, kí ìjọ kúkú máa lò ó.

Ọ̀pọ̀ yín á sì rántí ọjọ́ ìkórè kan tí gìtá yẹn dójú tì wá. Ohùn gìtá ń lọ sọ́tùn-ún, orin ń lọ sósì. Akọrin ń wo onígìtá, onígìtá ń wo gìtá. Èmi tí mò ń kọ èyí wà lára àwọn tó pe ọmọkùnrin tó ń ta á lẹ́yìn ìsìn, tí a sì bá a wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń túùn gìtá. Mo ní kó lọ kọ́ṣẹ́ dáadáa kó tó máa jókòó níwájú ìjọ. Ọmọ náà ò fèsì. Ó gbé gìtá padà síbi tó ti mú un, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ fún odindi ọdún kan.

Mo ti wá rí i báyìí pé ọmọ yẹn ò jẹ̀bi. Àmọ́ tí mo bá kàn sọ bẹ́ẹ̀ lásán, ẹ lè rò pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ọrùn gìtá fún yín: bó ṣe di ohun tó ṣeé tú, àti ìdí tí ọrùn kan ò fi lè bá gbogbo ara mu. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ dá ẹjọ́ náà.

Gìtá kí iná tó dé

Apá mẹ́ta ni gìtá ní: orí, níbi tí àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fa okùn wà, ọrùn, níbi tí ọwọ́ òsì ń rìn, àti ara, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń ta okùn. Láyé àtijọ́, inú ara gìtá ṣófo bí inú agbè, òfìfo yẹn ló sì ń gbé ohùn jáde. Àwọn tó ń ṣe é á gbẹ́ ìdí ọrùn, wọ́n á kì í bọ ihò tí wọ́n ti gbẹ́ sára gìtá, wọ́n á wá fi àtè lẹ̀ ẹ́ pa. Ọrùn àti ara di ọ̀kan. Ó lẹ́wà, ó sì lágbára, àmọ́ tí ọrùn bá tẹ̀ tàbí tó kán, wàhálà dé. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ délẹ̀ nìkan ló lè fi ooru omi rọ àtè náà, kó yọ ọrùn, kó sì tún òmíràn lẹ̀ síbẹ̀. Owó iṣẹ́ náà lè tó owó gìtá mìíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker gbé gìtá oníná jáde. Wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé òòfà, wọ́n sì gbé e sábẹ́ okùn. Tí okùn onírin bá ń gbọ̀n lókè òòfà, iná díẹ̀ á máa rú nínú wáyà, ẹ̀rọ á sì sọ iná yẹn di ohùn. Irú gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan ni, bí àwọn ará Hawaii ṣe ń ta tiwọn. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Frying Pan, torí ó jọ páànù tí a fi ń dín ẹyin gẹ́lẹ́. Nígbà tó di ọdún 1936, ilé-iṣẹ́ Gibson gbé ES-150 jáde. Gìtá oníhò nínú ni, bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi òòfà sí i.

Ìṣòro kan wá yọjú. Ẹ ṣáà mọ ariwo "wíìì" tó máa ń dún tí máíkì bá sún mọ́ sípíkà jù nílé ìjọsìn? Ohun tó ń ṣe gìtá oníhò nìyẹn tí wọ́n bá gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ara tó ṣófo yẹn á gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú sípíkà, á tún gbọ̀n, á tún dún, títí yóò fi máa hu. Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn kan rí ni pé kí wọ́n má gbẹ́ inú rẹ̀ mọ́ rárá. Kí ara gìtá jẹ́ pákó dídì. Tó bá ti jẹ́ pé òòfà ló ń gbọ́ okùn, kí la tún ń fi òfìfo ṣe?

Atúnrédíòṣe kan ní Fullerton

Ibí ni Leo Fender ti wọ inú ìtàn. Ọdún 1909 ni wọ́n bí i, lẹ́bàá Anaheim ní California. Láti kékeré ló ti pàdánù ojú kan. Kò mọ gìtá ta. Títí ó fi kú ní ọdún 1991, kò kọ́ ọ. Ohun tó mọ̀ ni rédíò. Ní ọdún 1938 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Fullerton, ó ń tún rédíò ṣe, àwọn olórin sì ń gbé ẹ̀rọ wọn wá bá a. Ní ọdún 1945, òun àti Doc Kauffman bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá Hawaii àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Fender dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bàjẹ́ ló ń rí lójoojúmọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í béèrè bóyá nǹkan á bàjẹ́. Ó mọ̀ pé á bàjẹ́. Ohun tó máa ń béèrè ni pé: tó bá bàjẹ́, báwo la ó ṣe tú u? Nígbà tí Fender ń ronú gìtá pákó dídì, kò fi àtè lẹ ọrùn mọ́ ara. Ó gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sára gìtá, ó ki ìdí ọrùn bọ̀ ọ́, ó fi irin pẹlẹbẹ kan sẹ́yìn, ó sì fi síkúrù mẹ́rin dè é. Bó ṣe rí nìyẹn. Tí ọrùn bá bàjẹ́, tú síkúrù mẹ́rin, yọ ọrùn, fi òmíràn sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọdún 1950 ni gìtá yìí jáde, wọ́n pè é ní Esquire. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Igi maple ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀, igi tó le gan-an. Fender sì gbà pé igi yìí le débi pé kò nílò irin nínú. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń fi ọ̀pá irin sínú ọrùn gìtá. Gibson ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1920, kí okùn tó ń fà á má bàa tẹ̀ ẹ́ bí ọrun ọdẹ. Don Randall tó ń bójú tó ọjà títà fún Fender ní kó fi irin sí i. Fender kọ̀. Ìgbà tí àwọn gìtá àkọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn olórin, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kí ọdún 1950 tó parí, irin ti wọ inú ọrùn. Torí pé igi kan ṣoṣo ni ọrùn náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ti là á kí wọ́n tó ki irin bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi igi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ dí ojú rẹ̀. Títí dòní, ẹ ó rí ìlà dúdú yẹn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ gìtá tó jọ ti Fender. Ẹ̀wà kọ́ ni wọ́n fi ṣe. Àpá àṣìṣe tí ọkùnrin kan gbà pé òun ṣe ni.

Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí, pàápàá fún àwa tí à ń gbé Jos, tí ọyẹ́ máa ń fọ́ ètè wa tó sì máa ń la ilẹ̀kùn. Igi tó lè dúró lójú okùn àti ọyẹ́ láìní irin nínú, ó ṣọ̀wọ́n.

Gìtá yẹn gba orúkọ púpọ̀. Wọ́n pè é ní Broadcaster. Ilé-iṣẹ́ Gretsch kọ̀wé pé orúkọ tó jọ ọ́ ti wà lára ìlù tiwọn, Fender sì pa á rẹ́. Ní ọdún 1951 ó di Telecaster, orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé gìtá báàsì wọn, Precision Bass, jáde. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, nítorí ìwọ̀n ni ìtumọ̀ rẹ̀: báàsì tí ohùn rẹ̀ bọ́ sójú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́, torí pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń pín ọrùn rẹ̀.

Ìṣirò tó wà lára ọrùn

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Àwọn onígìtá ń pè é ní fret. Ó dábùú ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì máa ń tó 20, 21 tàbí 22. Egungun kékeré kan wà níbi tí orí ti pàdé ọrùn, okùn gba orí rẹ̀ kọjá. Bríìjì sì wà lára gìtá, irin tí okùn gbé lé kó tó parí. Láti egungun dé bríìjì, ibẹ̀ ni okùn ti ń gbọ̀n. Gígùn yẹn ni mo máa pè ní ìwọ̀n okùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ dò-rè-mì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ta okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, tó fún yín ní dò, tẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní àárín méjì gẹ́lẹ́, dò òkè lẹ ó gbọ́. Fret kejìlá ló wà ní àárín méjì yẹn. Ìdajì, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Àwọn fret yòókù náà ní òfin tiwọn: láti ọ̀kan dé èkejì, àlàfo náà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú méjìdínlógún gígùn okùn tó kù títí dé bríìjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ara gìtá.

Ìwọ̀n okùn Telecaster jẹ́ 25½ ìǹṣì. Nítorí náà, fret kejìlá rẹ̀ wà ní 12¾ ìǹṣì sí egungun, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní 12¾ sí bríìjì pẹ̀lú. Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ báyìí. Fret ò ṣeé sún, wọ́n ti gbá a mọ́ igi. Ọrùn ti gbé ìwọ̀n tirẹ̀ dání láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ara gìtá náà ti gbé tirẹ̀ dání, torí ibi tí wọ́n de bríìjì mọ́ ti wà níbẹ̀. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá bára mu, orin á dùn. Tí kò bá bára mu, kò sí bí ẹ ṣe lè yí kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ohùn á fi tọ́. Tẹ́ ẹ bá mú ohùn okùn tí a ò tẹ̀ tọ́, èyí tí a tẹ̀ á ṣì. Tẹ́ ẹ bá mú ti ìsàlẹ̀ ọrùn tọ́, ti òkè á ṣì.

Ara kékeré, ara ńlá

Bó bá jẹ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà láyé, a ò ní ní wàhálà. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ Fender fúnra rẹ̀ ṣe oríṣiríṣi. Ní ọdún 1954 wọ́n gbé Stratocaster jáde, èyí tí ara rẹ̀ ní ìwo méjì tí wọ́n sì fá ẹ̀yìn rẹ̀ kó má máa gún èèyàn níhà. Ìwọ̀n okùn tirẹ̀ náà jẹ́ 25½. Ní ọdún 1956 wọ́n ronú kan àwọn ọmọdé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí ọwọ́ wọn kéré. Wọ́n ṣe Musicmaster àti Duo-Sonic, tí ìwọ̀n okùn wọn jẹ́ 22½. Ní ọdún 1962, Jaguar dé pẹ̀lú 24. Ní ọdún 1964, Mustang dé, ẹni tó bá fẹ́ lè gba ti 24 tàbí ti 22½. Lónìí, ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ní gìtá ọmọdé tó ń jẹ́ Squier Mini, tí ìwọ̀n okùn rẹ̀ jẹ́ 22¾. Gibson ní tiwọn fi àtè lẹ ọrùn Les Paul, gìtá tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1952, ìwọ̀n tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un ni 24¾.

Ẹ kíyè sí i pé bí ara gìtá bá jọra, ìyẹn ò ní kí ìwọ̀n okùn wọn dọ́gba. Gìtá ọmọdé lè ní ìwo méjì bíi ti àgbà, kó ní síkúrù mẹ́rin bíi ti àgbà, kí ihò ọrùn rẹ̀ sì fẹ̀ bíi ti àgbà, síbẹ̀ kí bríìjì rẹ̀ wà níbòmíràn. Ojú á ní ìkan náà ni wọ́n. Rúlà á ní rárá.

Bí ìwọ̀n okùn bá tiẹ̀ dọ́gba, ó tún ku ìdí ọrùn. Ìdí ọrùn Telecaster gún ní igun, ti Stratocaster ṣe róbótó díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ọrùn Stratocaster sára Telecaster, yóò wọlé, àmọ́ àlàfo kékeré á ṣẹ́ kù ní igun méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fi ti Telecaster sára Stratocaster, igun rẹ̀ ò ní jẹ́ kó wọlé tán, àfi tẹ́ ẹ bá fá a. Fífẹ̀ ìdí ọrùn àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 56 mìlímítà. Síkúrù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1965, Fender ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Nígbà tó di ọdún 1971, Stratocaster tí CBS ń ṣe ń lo síkúrù mẹ́ta dípò mẹ́rin, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó padà sí mẹ́rin. Ọrùn tó ní ihò mẹ́ta ò lè bá ara tó ní ihò mẹ́rin mu bẹ́ẹ̀ náà lásán.

Tí ìwọ̀n bá wá bára mu ńkọ́? Ẹ gbọ́ ti Eric Clapton, olórin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, ó ra Stratocaster àlòkù mélòó kan ní Nashville. Ó fi mẹ́ta nínú wọn ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ó tú mẹ́ta yòókù, ó mú apá tó dára jù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n pọ̀ di gìtá kan ṣoṣo tó sọ ní Blackie. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ta á. Nígbà tí wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York ní ọdún 2004, ó mú 959,500 dọ́là wọlé fún ilé ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti dè mọ́lẹ̀, tí Clapton dá sílẹ̀ ní Antigua. Gìtá mẹ́ta di ọ̀kan láìjà, torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ohun tí atúnrédíòṣe Fullerton ń rò lọ́kàn nìyẹn.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan lèyí. Ọdún 1949 ni wọ́n ń tọ́ka sí pé Àyìndé Bákàrè fi gìtá oníná sínú jùjú, kí gìtá Fender yìí tó jáde. Gìtá Hawaii tí Fender fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà délé wa: ẹ tẹ́tí sí àwo *Jùjú Music* tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982, ẹ ó gbọ́ bí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ṣe ń mú irú gìtá yẹn sọ̀rọ̀ láàárín ìlù. Etí àwa Yorùbá ti mọ gìtá tipẹ́. Bí ohùn bá yà díẹ̀, a ó mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí inú bí wa lọ́jọ́ ìkórè yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa

Ó wá kan gìtá pupa wa. Ṣáájú ìkórè yẹn, wọ́n kó ẹrù lọ sí ìsìn ìta gbangba, gìtá já bọ́ látorí ọkọ̀, orí rẹ̀ sì kán. Àwọn ọ̀dọ́ wa dáwó jọ. Wọ́n lọ sọ́jà, wọ́n rí ọrùn tuntun tó dán. Ẹni tó tà á fún wọn ní kò sí gìtá tí kò ní wọ̀. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n kì í bọ ihò, ó wọlé wẹ́lẹ́. Wọ́n lu ihò síkúrù, wọ́n dè é, wọ́n fi okùn sí i. Inú gbogbo wa dùn. Gìtá bàbá tún padà wá sáàárín wa. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ọmọ yẹn gbé e lọ́wọ́.

Ọyẹ́ ọdún yìí ni mo wọ yàrá ẹrù láti wá àga, mo sì bá ọrùn àtijọ́ tó kán nínú páálí kan. Mo gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá, mo fi ti àtijọ́ ti tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fret wọn ò pàdé ara wọn. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo yá téèpù lọ́wọ́ ìyàwó mi, èyí tó fi ń ránṣọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n.

Lára ọrùn àtijọ́, láti egungun dé fret kejìlá jẹ́ 11⅜ ìǹṣì. Ẹ sọ ọ́ di méjì, 22¾ ni. Gìtá ọmọdé ni. Lára ọrùn tuntun, láti egungun dé fret kejìlá jẹ́ 12¾. Ẹ sọ ọ́ di méjì, 25½ ni. Ọrùn àgbà ni. Láti fret kejìlá yẹn dé bríìjì wá ńkọ́? 12¼ ni mo bá. Ó fi ìdajì ìǹṣì dín.

Ìdajì ìǹṣì, ẹ̀yin ará. Ìyẹn ló fà á tí okùn tí a ò tẹ̀ fi ń dún dáadáa nígbà tí ọmọ náà ń túùn, tó sì jẹ́ pé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sókè ọrùn ni ohùn ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó túùn ún. Ó túùn ún dáadáa. Kódà kó jẹ́ Sunny Adé la gbé gìtá yẹn lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kò ní dún. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, àwa àgbàlagbà sì ti dá ẹjọ́ láìjẹ́ kí gìtá rojọ́ tirẹ̀.

Mo pe káfíńtà kan nínú ìjọ wa, ẹni tó ń ṣe àga, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ó tú bríìjì. Ó fi igi kéékèèké àti àtè dí ihò síkúrù àtijọ́. Ó sún bríìjì sẹ́yìn ní ìdajì ìǹṣì, kò sì já wáyà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí gìtá má bàa máa kùn. A wọn láti fret kejìlá dé bríìjì: 12¾. A fi okùn tuntun sí i, a sì fi àwọn síkúrù wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn bríìjì tún ìyókù ṣe, okùn kọ̀ọ̀kan.

Mo wá ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí mo ti bá a wí lójú wọn. Mo fi ọrùn méjèèjì àti téèpù hàn án. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé gìtá, ó ta okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ ní fret kejìlá, ó tún un ta, ó gbọ́ dò àti dò òkè. Ó ní, "Bàbá, mo ti ń rò pé etí mi ló bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ì bá ṣe dùn mí ká ní ó bínú sí mi lọ. Odindi ọdún kan ni ọmọ fi ń ṣiyèméjì nípa etí tí Ọlọ́run fún un, torí pé àgbà kan ò yá téèpù.

Kẹ́ ẹ tó náwó

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ tún gìtá ọmọ yín ṣe, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń dáwó fún ohun èlò ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ara gìtá sílé lọ sọ́jà. Ẹ gbé e dání. Ẹ wọn láti egungun dé fret kejìlá lára ọrùn àtijọ́, kódà bó bá ti kán, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ di méjì. Ọrùn tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà. Ẹ wọn fífẹ̀ àti jíjìn ihò ara. Ẹ wo ìdí ọrùn, bóyá ó gún ní igun tàbí ó ṣe róbótó. Ẹ ka síkúrù. Ẹ béèrè bóyá irin wà nínú ọrùn náà, torí ọyẹ́ ilẹ̀ yìí ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sì ti so ó tán, ẹ wọn láti fret kejìlá dé bríìjì kẹ́ ẹ tó gbé e síwájú ìjọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ohun tí a lè tú, tí a lè pààrọ̀, ohun rere ni. Òun ló jẹ́ kí gìtá bàbá wa ṣì máa dún láàárín wa. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti wọ inú ihò ló bá ibẹ̀ mu. Tí nǹkan ò bá dún dáadáa nínú ilé yín tàbí nínú ìjọ, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó bá ọmọ wí.

Ọmọ náà ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlù. Tí ẹ bá rí i lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kí i fún mi.